Igbe Inú Oko Ládélé

"Mi ò gba ibẹ̀ yẹn o," ni ọlọ́kadà náà wí. Ó tẹ bíréèkì, ó fi ẹsẹ̀ kan tilẹ̀, ó sì na ìka sí ọ̀nà tóóró tó gba ẹ̀gbẹ́ oko ìrẹsì kan kọjá. "Oòrùn ti ń wọ̀. Bí o bá fẹ́ kí n gbé ọ dé Mowe, a ó padà gba iwájú ọjà."

Wúràọlá wo ojú ọ̀run. Ilẹ̀ kò tíì ṣú. "Ṣebí ibí ló yá jù, bọ̀dá? Màmá mi ń retí mi."

"Ó yá lóòótọ́. Ó yá dé ọ̀run pàápàá." Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. "Oko Ládélé nìyẹn. Àbí o kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí ni?"

Ó ti gbọ́. Ta ni kò tíì gbọ́ láti Ọ̀fàdà títí dé Ìbàfò? Lára páálí ńlá tó wà ní abíyá rẹ̀, èyí tó ti gbé kiri gbogbo Ọ̀fàdà láti ọ̀sán, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé: Ẹ DÁ LÁSÚNKÀNMÍ SÍLẸ̀! KÒ PA ẸNIKẸ́NI! Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni Lásúnkànmí. Ẹni tí ilé ẹjọ́ sì ní ó pa ni Ládélé, ẹni tó ni oko yìí gan-an. Wúràọlá rọra yí páálí náà padà kí ọlọ́kadà má baà rí ohun tí wọ́n kọ sí i.

"Èmi á fi ẹsẹ̀ rìn ín," ó wí, pẹ̀lú agídí tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n láti kékeré.

Ọlọ́kadà náà wò ó tìyanu-tìyanu, ó mi orí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Oko náà ti di igbó. Ìrẹsì tí olóko kò kórè kí ó tó kú ti wó lulẹ̀, ó ti tún hù, ó sì ti tún wó, koríko sì ti ga dé àyà ènìyàn. Ohun tí Wúràọlá kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé kò sí ẹyẹ níbẹ̀. Ní àwọn oko ìrẹsì yòókù, àwọn ẹ̀gà kì í jẹ́ kí etí ó sinmi ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ibí yìí dákẹ́ rọ́rọ́. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé kò sí nǹkan kan, pé akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì ni òun, nígbà tí afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Nígbà náà ni ohùn náà dìde.

"Hùùùùùùùùùn..."

Ó rẹlẹ̀, ó wúwo, ó sì ń bọ̀ láti àárín oko níbi tí ènìyàn kankan kò sí. Ó dà bí ìkérora àgbàlagbà ọkùnrin tí ìrora ti wọ̀ dé egungun. Ó ga díẹ̀, ó tún lọ sílẹ̀, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ láìdáwọ́dúró. Orí Wúràọlá wú. Ó ki eré mọ́lẹ̀, bàtà rẹ̀ kan sì wà nínú ẹrẹ̀ ọ̀nà náà títí di òní.

Nígbà tó fi dé ilé wọn ní Lotto, ní Mowe, kì í ṣe ẹ̀rù iwin ló ń dà á láàmú mọ́. Ìbéèrè kan ló ti wọ inú rẹ̀, tí kò sì lè bi ẹnikẹ́ni: bí òkú Ládélé bá ń ké nítòótọ́, ẹjọ́ ta ni ó ń fi sùn?

Ẹ jẹ́ kí a tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ díẹ̀. Ọdún 2004 ni ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀. Lásúnkànmí ń bá Ládélé ṣiṣẹ́ oko nígbà náà. Ìjà dé láàárín wọn, Ládélé sì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Lásúnkànmí, tí inú ń bí, sọ fún un pé yóò kábàámọ̀. Ẹ̀yin náà mọ irú ọ̀rọ̀ tí ọmọkùnrin máa ń sọ bí inú bá ń bí i. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn náà, ó lọ sí oko láti kó àdá àti aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Láti ibẹ̀ ó wọ mọ́tò lọ sí Ìbàfò, ó sì ṣe ìṣọ́ òru ní ṣọ́ọ̀ṣì títí ilẹ̀ fi mọ́, gbogbo ìjọ ló rí i. Ní òwúrọ̀, wọ́n bá òkú Ládélé nínú oko. Ẹnìkan ti la nǹkan mọ́ ọn lórí.

Dókítà sọ ní kóòtù pé ó lè jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni ọkùnrin náà kú, ó sì lè jẹ́ òru. Bí ó bá jẹ́ òru ni, Lásúnkànmí bọ́ nínú ọ̀ràn. Ṣùgbọ́n Bàbá Màmúdù jẹ́rìí. Làdánì mọ́ṣáláṣí kan ní Ọ̀fàdà ni bàbá yìí, òun ló ń pe ìrun níbẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó fi Kùránì búra. Ó ní bí òun ti ń ti oko bọ̀ láti wá pe ìrun màgàríbì, òun pàdé Lásúnkànmí tó ń jáde láti oko Ládélé, ó ń yára, ojú rẹ̀ le. Kò pẹ́ rárá tí òun fi gbọ́ tí Ládélé ń kérora nínú oko. Etí bàbá yìí ni adájọ́ gbà gbọ́. Ó dá ẹjọ́ ikú fún Lásúnkànmí.

"Láàyè ni mo fi í sílẹ̀, Wúrà," ni Lásúnkànmí máa ń sọ nígbàkígbà tí àbúrò rẹ̀ àti màmá wọn bá lọ wò ó lọ́gbà ẹ̀wọ̀n, bí ẹni pé àwọn méjèèjì gan-an ni adájọ́. "Orí àpótí ló wà. Ó ń na téèpù inú kásẹ́ẹ̀tì láti ara ọ̀pẹ kan dé ìkejì, ó ní ẹ̀gà fẹ́ jẹ ìrẹsì òun tán. Àwọn àgbẹ̀ kan ní ọ̀nà Ṣàgámù ló kọ́ ọ ní ọgbọ́n náà. Kò tilẹ̀ wojú mi."

Wúràọlá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi wọ etí rẹ̀ mọ́. Èyí tí kò lè gbàgbé ni ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ nígbà tí wọ́n lọ kẹ́yìn. Ó ní bí wọ́n bá ti ṣí ilẹ̀kùn kan báyìí ní ìdájí, gbogbo àwọn tí wọ́n dájọ́ ikú fún á dákẹ́. Wọ́n á máa tẹ́tí sí ìró ẹsẹ̀ tó ń bọ̀. Kálukú á máa bẹ Ọlọ́run pé kí ẹsẹ̀ náà kọjá ilẹ̀kùn tòun.

Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìbàfò ló bẹ̀rẹ̀ ìpolongo pé kí wọ́n dá Lásúnkànmí sílẹ̀. Wọ́n tẹ àwòrán rẹ̀ sí aṣọ, wọ́n gbé páálí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀, wọ́n tilẹ̀ dé orí rédíò. Nígbà tó di ọdún 2006, Lọ́yà Morádéyọ̀, obìnrin kan tó ń gbé ní Mowe, gba ẹjọ́ náà lọ sí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ ni.

"Ẹ ṣe dáadáa," ó wí fún wọn nínú ọ́fíìsì rẹ̀. "Ṣùgbọ́n páálí kì í tú ènìyàn sílẹ̀. Gbogbo ẹjọ́ yìí dúró lórí etí bàbá kan ṣoṣo. Bí bàbá yẹn bá lè wá sọ pé ohun tí òun gbọ́ kò dá òun lójú mọ́, ọ̀nà á là. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ jẹ́ ká máa gbàdúrà."

Bí wọ́n ti jáde, Tìmílẹ́hìn fa Wúràọlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ SS3 ni Tìmílẹ́hìn, òun sì ni ìràwọ̀ ẹgbẹ́ eléré ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Kò sí ohùn tí kò lè sín jẹ. Ó lè wúkọ́ bíi pásítọ̀, ó lè bínú bíi tíṣà ìṣirò, gbogbo kíláàsì á sì máa rẹ́rìn-ín.

"Wúrà, mo ní àìdíà kan," ó wí. "Bàbá Làdánì yẹn, gbogbo ayé mọ̀ pé ó ń bẹ̀rù oko Ládélé. Nurat ọmọ-ọmọ rẹ̀ sọ ọ́ níjọ́sí pé ọ̀nà ibòmíì ló ń gbà lọ sí oko. Bí Ládélé fúnra rẹ̀ bá wá bá a sọ̀rọ̀ ńkọ́?"

"Báwo ni òkú ṣe máa sọ̀rọ̀?"

Tìmílẹ́hìn fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì kérora. Wúràọlá gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò lẹ́nu.

"Ó yá, dákẹ́! Ìyẹn ò dáa."

"A ò ní fọwọ́ kàn án," Tìmílẹ́hìn bẹ̀ ẹ́. "Òótọ́ kúkú ni a fẹ́ kó sọ. Ṣé bọ̀dá Lásún ló pa á ni?"

"Òun kọ́!" Wúràọlá yára dáhùn, ó yára ju bó ti yẹ lọ, torí pé ohùn inú oko yẹn kò tíì kúrò létí rẹ̀.

Ẹ má tíì dá ọmọ náà lẹ́jọ́. Ó rò ó, ó tún un rò. Ó rántí ọ̀rọ̀ tí màmá rẹ̀ fẹ́ràn jù lọ, pé òtítọ́ kì í ṣìnà, irọ́ ní í forí gbọgbẹ́. Ṣùgbọ́n ó tún rántí ilẹ̀kùn tí wọ́n ń ṣí ní ìdájí. Ó gbà.

Ilé Bàbá Màmúdù ló kẹ́yìn àdúgbò wọn ní Ọ̀fàdà, ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Wúràọlá mọ ibẹ̀ dáadáa nítorí pé ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni Nurat. Kò sì yẹ kí a pa á mọ́: àárín ọ̀rẹ́ òun àti Nurat ló lò láti fi mọ ìgbà tí bàbá máa ń ṣe àlùwàlá lẹ́yìnkùlé. Àwọn méjèèjì fara pamọ́ sáàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀, Tìmílẹ́hìn sì gbé ẹnu lé páìpù omi kan kí ohùn rẹ̀ lè dún láti ọ̀nà jíjìn.

Oòrùn ti wọ̀. Bàbá jókòó lórí àpótí, bùtà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń da omi sí ẹsẹ̀.

"Hùùùùn..." Tìmílẹ́hìn bẹ̀rẹ̀. "Hùùùùn... Màmúdù... Màmúdù o... Èmi Ládélé ni. Kì í ṣe ọmọ yẹn... Lọ tún ọ̀rọ̀ rẹ sọ..."

Bàbá dìde dúró. Omi ń ti inú bùtà dà sílẹ̀, kò mọ̀. Wúràọlá ti rò pé yóò kígbe, tàbí pé yóò sá wọlé. Kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó kọjú sí àárín ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ti ń retí àlejò náà láti ọjọ́ pípẹ́.

"Ládélé, foríjì mí. Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà, mi ò wọ inú oko wá. Ìrun ti tó, mo ní bí mo bá pe ìrun tán n ó padà wá wò ọ́. Mo gbàgbé. Foríjì mí, Ládélé."

Bùtà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ya ẹnu láti tún sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kò wá, ó sì wó lulẹ̀.

Àwọn ọmọ méjì náà sá. Wọ́n sá títí wọ́n fi gúnlẹ̀ sí ojú títì. Ohun tó ń lé Wúràọlá nínú ọkàn rẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó bo mọ́ṣáláṣí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a kò pe ìrun màgàríbì níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti mọ Màmúdù ní làdánì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Nurat wá sí ilé ìwé pẹ̀lú ojú wíwú. "Bàbá àgbà ò lè sọ̀rọ̀ mọ́," ó wí fún Wúràọlá. "Wọ́n á ya ẹnu, afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde. Ní ìdájí, wọ́n á dìde, wọ́n á kọjú sí mọ́ṣáláṣí, wọ́n á ti ìka bọ etí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ẹnu wọn á máa mì. A ò ní gbọ́ nǹkan kan." Ó gbé orí lé èjìká Wúràọlá, ó sì sunkún. Wúràọlá dì í mú.

Ìròyìn náà dé Ìbàfò, ó sì ti gba ibòmíràn yọ kó tó débẹ̀. Wọ́n ní Ládélé ti jí dìde láti inú ibojì, ó sì ti gba ohùn ẹni tó jẹ́rìí èké. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan pàtẹ́wọ́, wọ́n ní Ọlọ́run ti jà. Tìmílẹ́hìn pàápàá gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Lọ́yà Morádéyọ̀ nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

"Kí lẹ ń yọ̀ sí?" ó bi wọ́n. "Ẹ̀rí tí bàbá yẹn jẹ́ kò bá ohùn rẹ̀ lọ. Ó wà nílẹ̀ ní kóòtù bó ṣe wà. Òun nìkan ló lè tún un sọ, òun náà kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́. Bí ó bá kú báyìí, ilẹ̀kùn ti tì mọ́ Lásúnkànmí nìyẹn."

Wúràọlá kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí màmá rẹ̀ bi í pé kí ló dé, ó kúnlẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láì fi ìkankan pamọ́. Ó retí ìgbátí. Màmá rẹ̀ kò gbé ọwọ́ sókè. Ó yí ojú sí àwòrán Lásúnkànmí lára ògiri.

"Ọmọ mi kan wà lẹ́wọ̀n nítorí ohun tí kò ṣe," ó wí. "Mi ò ní jẹ́ kí èkejì máa rìn káàkiri láìjẹ́wọ́ ohun tó ṣe. Bí ilẹ̀ bá mọ́, lọ pe Tìmílẹ́hìn wá. Ọ̀fàdà là ń lọ."

Wọ́n bá Bàbá Màmúdù lórí ẹní lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ iwájú ilé rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti ń padà bọ̀, ṣùgbọ́n wúyẹ́wúyẹ́ ni. Màmá àti Wúràọlá kúnlẹ̀, Tìmílẹ́hìn dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wúràọlá ló sọ̀rọ̀. Bó ti sọ ọ́ dé ibi páìpù omi, Nurat, tó ń gbé omi bọ̀ fún àlejò, fi ife sílẹ̀ gbì.

"Ìwọ, Wúràọlá? Ìwọ tí mo gbé orí lé léjìká?"

Wúràọlá dojú bolẹ̀.

Bàbá yí ojú sí Tìmílẹ́hìn. "Tún un ṣe," ó wí.

"Ẹ dákun, bàbá..."

"Mo ní kí o tún un ṣe. Bí o ṣe ṣe é lọ́jọ́ náà."

Ọmọkùnrin náà dìde jókòó, òógùn bò ó. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Hùùùùn... Hùùùùn..." Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ràn, síbẹ̀ gbogbo ara wọn ló bù máṣọ. Bàbá di ojú rẹ̀ méjèèjì, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"O mí," ó wí.

Kò yé wọn.

"O mí láàárín. O dáwọ́ dúró, o gba afẹ́fẹ́, o tún bẹ̀rẹ̀." Bàbá na ọwọ́ mú ọ̀pá rẹ̀. "Iṣẹ́ ohùn ni mo ṣe dàgbà. Kò sí bí ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn ṣe lè tóbi tó, ibì kan wà tó ti gbọ́dọ̀ mí. Èyí tí mo gbọ́ ní oko lọ́jọ́ náà, mi ò gbọ́ ibi tó ti mí. Ẹ̀rù àti ìkánjú ìrun ni kò jẹ́ kí n ronú. Ẹ gbé mi dìde. Ẹ jẹ́ ká lọ."

"Lọ síbo, bàbá?" Nurat bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Ibi tí mo ti ń sá fún."

Wọ́n dúró dé ìrọ̀lẹ́, nítorí pé ìrọ̀lẹ́ ni afẹ́fẹ́ àgbègbè náà máa ń dìde. Wọ́n dúró sí etí oko Ládélé, Bàbá fi ara ti ọ̀pá rẹ̀, Nurat dì í mú lápá kan. Kò sí ẹyẹ. Oòrùn pọ́n bí epo, ó ń lọ sílẹ̀ lẹ́yìn àwọn ọ̀pẹ. Nígbà náà ni koríko bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ síwá sẹ́yìn.

"Hùùùùùùùùùn..."

Màmá Wúràọlá pe orúkọ Jésù. Tìmílẹ́hìn ti fẹ́ yí padà kó sá, màmá gbá a lẹ́wù mú. Bàbá Màmúdù yọ tẹ̀sùbáà rẹ̀ jáde láti àpò. Bí ohùn náà ti ń ké ló ń fi àtàǹpàkò ti ìlẹ̀kẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, ẹnu rẹ̀ ń mì. Ó ti ìlẹ̀kẹ̀ títí ó fi yí tẹ̀sùbáà náà po tán. Ohùn náà kò tíì dáwọ́ dúró láti mí.

"Kì í ṣe ènìyàn," ó wí.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó yẹ kó bà wọ́n lẹ́rù jù. Ṣùgbọ́n bó ti jáde báyìí ni ohùn mìíràn sọ nínú ọkàn Wúràọlá, ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ẹ̀yìn irin: orí àpótí ló wà, ó ń na téèpù láti ara ọ̀pẹ kan dé ìkejì.

Ó wọ inú oko lọ. Nurat pè é, kò dáhùn. Koríko ń gé e lẹ́sẹ̀, ẹ̀rù ń bà á, ohùn náà sì ń pọ̀ sí i bó ti ń sún mọ́ ọn, títí ó fi dà bí ẹni pé orí òun gan-an ló ti ń jáde. Láàárín ọ̀pẹ méjì, ó gbé ojú sókè. Kò rí nǹkan kan lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó kù ta sí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó dúdú, ó ń dán, ó nà tàn-án láti ọ̀pẹ kan dé èkejì, ó ń gbọ̀n nínú afẹ́fẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi lè mú un. Wúràọlá na ọwọ́ sókè, ó dúró lórí ìka ẹsẹ̀, ó sì fi ìka kan kàn án.

Igbe náà dákẹ́.

Ó mú ìka kúrò. Igbe náà bẹ̀rẹ̀.

Ó tún fi ìka kàn án, ó sì bú sẹ́kún níbẹ̀. Ní gbogbo Ọ̀fàdà, agolo àti òkò ni wọ́n fi ń lé ẹyẹ, Ládélé nìkan ló ti gbìyànjú ọgbọ́n tuntun yìí, ọjọ́ tó sì nà án gan-an ni ọjọ́ ikú rẹ̀. Ta ni ìbá ti mọ bó ṣe ń dún? Láti ìgbà náà, ohùn yìí ló ń lé ẹyẹ, ló sì ń lé ènìyàn, tí ẹnikẹ́ni kò fi wọ oko wá rí téèpù náà fúnra rẹ̀.

Nígbà tí Wúràọlá padà dé etí oko tó sì ṣàlàyé, Bàbá Màmúdù jókòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú agbádá funfun rẹ̀. "Nígbà náà, mi ò fi í sílẹ̀ kó kú," ó ń sọ. "Aláàyè ni. Ó ṣì wà láàyè nígbà tí mo ń pe ìrun." Ó sunkún bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà, ó gbé ojú sókè wo Màmá Wúràọlá. "Ìyá, ọmọ rẹ ni mo fi etí mi dè mọ́lẹ̀."

Tìmílẹ́hìn fẹ́ lọ já téèpù náà. Nurat kò jẹ́ kó já a. "Fi sílẹ̀," ó wí. "Lọ́yà gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ."

Bí ó bá jẹ́ pé ibí ni ọ̀rọ̀ náà parí sí, ì bá dùn. Lọ́yà gbọ́ ọ, ó mú àwọn ẹlẹ́rìí wá gbọ́ ọ, wọ́n sì gbé Bàbá dé kóòtù. Gbogbo kóòtù pa rọ́rọ́ kí wọ́n lè gbọ́ ohùn wúyẹ́wúyẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò ìjọba dìde, ó ní òun ti gbọ́ pé wọ́n dẹ́rù ba bàbá yìí kó tó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ṣé òótọ́ ni? Wúràọlá dìde níwájú gbogbo ayé, ó ní òótọ́ ni. Ìtìjú bò ó bí aṣọ. Àwọn adájọ́ ní àwọn kò lè gba ọ̀rọ̀ bàbá bẹ́ẹ̀ mọ́, àfi kí àwọn tún wádìí ohun gbogbo láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwádìí náà jẹ òjò kan tán, ó sì jẹ ẹ̀ẹ̀rùn kan lé e. Ní gbogbo àkókò yẹn, Lásúnkànmí wà níbi tó wà, ó ń gbọ́ ilẹ̀kùn ní ìdájí.

Ọdún 2008 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀. Ilé Bàbá Màmúdù ni ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n mú òun lọ. Ó dọ̀bálẹ̀, bàbá sì rọra bọ́ sílẹ̀ lórí ẹní, ó gbá a mọ́ra nílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí màgàríbì tó, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló pe ìrun láti mọ́ṣáláṣí. Bàbá ti ìka bọ etí, ẹnu rẹ̀ ń mì tẹ̀lé e. Ohùn rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò mọ́ títí tó fi kú. Nurat dárí ji Wúràọlá, ó ní òun dárí jì í, ṣùgbọ́n kò tún gbé orí lé e léjìká mọ́.

Ohun tí Wúràọlá kọ́ nìyí, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ báyìí: òótọ́ kò nílò irọ́ fún ọ̀pá ìtilẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹ̀gbọ́n òun kò pa ènìyàn, òótọ́ náà sì wà nínú oko, ó ń ké lójoojúmọ́. Bí òun bá ti lọ bá bàbá pẹ̀lú ẹnu lásán àti sùúrù, bàbá ì bá ní ohùn rẹ̀, ẹ̀gbọ́n òun ì bá sì ti wálé ṣáájú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Wọ́n ti já téèpù náà tipẹ́, àwọn ẹ̀gà sì ti padà sí oko Ládélé. Ẹni tó pa á, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n títí di òní, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹni tí gbogbo wa ń kí. Síbẹ̀, àwọn ọlọ́kadà kan kì í gba ọ̀nà ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ń búra pé àwọn ṣì ń gbọ́ ọ. Wúràọlá kì í bá wọn jiyàn, kì í sì í fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń bi wọ́n, á sì dúró títí wọ́n á fi dáhùn.

"Ṣé ó mí?"